Gìtá tó ń kùn nígbà ọyẹ́: ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n gbé fáìlì

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ta gìtá nínú ilé ìjọsìn kan ní Ìbàdàn kọ ìwé sí mi báyìí: “Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní gìtá oníná kan, irú Stratocaster, tí mo rà ní tókúnbọ̀. Ní gbogbo ìgbà òjò, kò fún mi ní wàhálà kankan. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé, okùn kẹfà àti ìkarùn-ún ń kùn bí mo bá tẹ̀ wọ́n láti fret 1 dé fret 5 (àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá). Bí mo bá gòkè kọjá fret 12, ohùn rẹ̀ kì í bá ti kíbọ́ọ̀dù mu mọ́, bí mo bá sì ti fọwọ́ kan apá tremolo, irin tí à ń tì láti mi ohùn okùn, lẹ́ẹ̀kan, gbogbo okùn ló ń yẹ̀. Oníṣẹ́ kan ní kí n jẹ́ kí òun fi fáìlì rẹ́ àwọn fret náà sílẹ̀. Ẹlòmíràn ní kí n máa yí irin inú ọrùn rẹ̀ títí ariwo náà yóò fi dákẹ́. Èwo ni kí n ṣe?”

Ẹ má ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì báyìí. Ẹ kò sọ pé ẹnikẹ́ni nínú wọn fi ohunkóhun wọn gìtá náà kí ó tó sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni gìtá kì í ṣe ohun tí à ń fi ojú lásán wò sàn. Ní ti fáìlì, ìdí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi ń dùn mí ni pé ohun tí ọyẹ́ bá ṣe sí igi, òjò àkọ́rọ̀ lè tún un ṣe, ṣùgbọ́n irin tí fáìlì bá ti jẹ kò ní padà wá mọ́. Wọ́n ti gbé gìtá kan wá bá mi rí ní oṣù kẹrin, tí ẹnì kan ti rẹ́ fret márùn-ún àkọ́kọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù kìíní. Nígbà tí òjò dé, tí ọrùn náà padà sí bó ṣe wà, àwọn fret márùn-ún yìí ti kéré sí àwọn tó kù, ariwo sì wá gba gbogbo àárín ọrùn náà. Fret tuntun látòkè délẹ̀ ni a fi tún un ṣe, owó tí olówó rẹ̀ san sì ju èyí tí ì bá san ní ìlọ́po mélòó kan lọ.

Kí ẹ lè mọ ìdí tí ohun tí mo fẹ́ sọ fi rí bẹ́ẹ̀, ẹ rántí onídùndún lásìkò òjò, tó ń yá ìlù rẹ̀ sí oòrùn kí ó tó gbé e kọ́ apá. Awọ ti mu omi inú afẹ́fẹ́, ó sì ti dẹ̀. Igi náà kò yàtọ̀. Bó ti wù kí ó ti pẹ́ tó tí wọ́n ti gé e, kò yé mu omi inú afẹ́fẹ́, kò sì yé tú u sílẹ̀. Nígbà òjò, ó ń wú díẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ó ń súnkì, pàápàá ní ìbú rẹ̀, nítorí igi kì í fi bẹ́ẹ̀ súnkì ní gígùn. Ẹ fi ọwọ́ ra ẹ̀gbẹ́ ọrùn gìtá yín láti orí dé ìdí. Bí etí àwọn fret bá ń ha yín lọ́wọ́ báyìí, tí wọn kì í ha yín nígbà òjò, ẹ̀rí àkọ́kọ́ nìyẹn: igi náà ti súnkì, irin fret kò sì lè bá a súnkì. Bí igi tó wà lẹ́yìn ọrùn bá ti súnkì ju pákó pẹlẹbẹ tí fret wà lórí rẹ̀ lọ, ọrùn náà lè tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, àwọn fret tó sún mọ́ orí á sì sún mọ́ okùn jù. Ariwo tó wà láti fret 1 dé 5 nìkan ń tọ́ka sí èyí gan-an. Síbẹ̀, igi kọ̀ọ̀kan ló ní ìwà tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó gbàgbọ́.

Ohun kan tó dára nípa irú gìtá tí ẹ ní ni pé a ṣe é kí ó lè ṣeé tún ṣe. Leo Fender, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ gbé Stratocaster jáde ní ọdún 1954 ní Fullerton ní ìpínlẹ̀ California, oníṣẹ́ rédíò ni kí ó tó máa ṣe gìtá, ojú oníṣẹ́ rédíò náà ló sì fi wo gìtá: ìdè, ìyẹn skúrù, ló fi mú ọrùn mọ́ ara, okùn kọ̀ọ̀kan sì ní saddle tirẹ̀, irin kékeré tí okùn sùn lé ní ìdí gìtá, tó ṣeé gbé sókè, tó ṣeé tì síwájú tàbí sẹ́yìn. Gbogbo ohun tí ẹ nílò fún iṣẹ́ yìí kò ju allen key tó bá ojú ìdè irin inú ọrùn mu, screwdriver, rúlà onírin tó ní mìlímítà, tuner tó ń fi ohùn okùn hàn, capo tó ń há gbogbo okùn mọ́ ọrùn, àti sùúrù.

Okùn tuntun ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Okùn tí òógùn ti bá jẹ, tí ó ti dípẹtà, kì í nípọn bákan náà látòkè délẹ̀ mọ́, kò sì sí bí ẹ ṣe lè tò ó kí ohùn rẹ̀ bá ara mu ní gbogbo fret. Ẹ ra ìwọ̀n kan náà tó wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Okùn mẹ́fà tó bẹ̀rẹ̀ láti .009, bí ẹ bá tò wọ́n sí ohùn wọn, ń fa ọrùn náà pẹ̀lú agbára tó tó kílò 38, àwọn tó bẹ̀rẹ̀ láti .010 ń fà á tó kílò 46, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àpò sìmẹ́ńtì kan. Ẹni tó bá pààrọ̀ ọ̀kan sí èkejì láìtún ohunkóhun tò ti da ìwọ̀ntúnwọ̀nsì gìtá náà rú nìyẹn. Ẹ máa yọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ má tú gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan, nítorí àwọn irin alápàdé (spring) tó wà lẹ́yìn tremolo náà ń fa ti wọn. Kí ẹ tó fi okùn tuntun sí i, ẹ fi pẹ́ńsù onílẹ́ẹ̀dì ha inú ojú ihò kọ̀ọ̀kan lára nut, ìyẹn ohun kékeré tó gbé okùn ró ní ìhà orí gìtá, nítorí lẹ́ẹ̀dì dúdú náà ń mú kí okùn yọ̀ dáadáa níbẹ̀. Bí okùn bá ń há sínú nut, kò ní padà sí àyè rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọwọ́ kan tremolo, èyí sì wà lára ohun tí ẹ kọ ìwé nípa rẹ̀. Ẹ wá fi ọwọ́ fa okùn kọ̀ọ̀kan díẹ̀díẹ̀, kí ẹ tún un tò, kí ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀ títí kò fi ní lọ sílẹ̀ mọ́.

Nígbà tí ẹ bá ń tò ó, ẹ rí i dájú pé A tí tuner yín ń lò wà ní 440, kí ẹ sì wo kíbọ́ọ̀dù náà pẹ̀lú. Mo ti rí i nínú ilé ìjọsìn tó ju ẹyọ kan lọ pé ẹnì kan ti tẹ ibi tí wọ́n ń gbé ohùn kíbọ́ọ̀dù sókè sódò, tí gbogbo ènìyàn sì ń dá gìtá lẹ́bi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ọrùn ló kàn. Ẹ di gìtá náà mú bí ẹ ṣe ń mú un nígbà tí ẹ bá ń ta á, kí ẹ má gbé e dùbúlẹ̀. Ẹ fi capo há fret 1, kí ẹ tẹ okùn kẹfà, èyí tó nípọn jù, ní fret tó gbẹ̀yìn, kí ẹ sì wo àlàfo tó wà láàárín okùn náà àti orí fret 8. Okùn náà ti di rúlà fún yín nìyẹn, nítorí okùn tí a fà kì í tẹ̀. Àlàfo tí mo fẹ́ níbẹ̀ tó 0.25 mìlímítà. Bí ẹ kò bá ní irin pẹlẹbẹ tí àwọn mẹkáníìkì fi ń wọn àlàfo, ẹ gé díẹ̀ lára okùn kìíní tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ .010, nítorí ìnípọn rẹ̀ gan-an jẹ́ 0.25 mìlímítà, ó yẹ kí ó lè gba àárín wọn kọjá láìgbé okùn kẹfà sókè. Bí kò bá sí àlàfo kankan, tí okùn náà sùn lé gbogbo fret, ọrùn náà ti tọ́ jù tàbí ó ti tẹ̀ sẹ́yìn, ohun tí mo sì rò pé ẹ máa rí nìyẹn.

Ìgbà yìí ni ọ̀rọ̀ irin inú ọrùn, tí wọ́n ń pè ní truss rod, tó dé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dojú kọ agbára okùn: okùn ń fa ọrùn síwájú, irin náà ń tì í sẹ́yìn. Bí ẹ bá yí i sí ọ̀tún, bí aago ṣe ń yí, ó ń le sí i, àlàfo náà á sì dínkù. Bí ẹ bá yí i sí òsì, ó ń dẹ̀, okùn á sì rí àyè fa ọrùn náà síwájú, àlàfo á pọ̀ sí i. Ẹni tó ní kí ẹ máa yí i títí ariwo yóò fi dákẹ́ kò sọ ọ̀nà tí ẹ máa yí i sí, bẹ́ẹ̀ ní ipò tí gìtá yín wà, bí ẹ bá yí i sí ọ̀tún, ẹ ó kàn máa dá kún ariwo náà, ẹ ó sì máa fún irin náà mọ́ra títí ìdè rẹ̀ yóò fi bó tàbí kí ó já sínú igi. Òsì ni kí ẹ yí i sí. Ẹ má yí i ju ìdá kan nínú mẹ́jọ ìyípo kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ tún okùn tò, ẹ tún un wọ̀n, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, nítorí igi kì í yára dáhùn. Bí ẹ bá nílò rẹ̀, ẹ tún yí ìdá mẹ́jọ mìíràn. Ó ṣọ̀wọ́n kí ipa ọyẹ́ gbà ju ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo lọ. Bí ìdè náà bá le koránkorán, ẹ má fi agbára mú un. Ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n, nítorí ọrùn tí irin rẹ̀ bá já sínú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di pé kí ẹ ra òmíràn.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ tó lè mọ̀ bóyá fret kan ga ju èkejì lọ. Ẹ mú káàdì ATM, kí ẹ fi etí rẹ̀ tó tọ́ gbé orí fret mẹ́ta tó tẹ̀lé ara wọn, lábẹ́ okùn kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá dúró ṣinṣin, wọ́n dọ́gba. Bí ó bá ń mì bí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, èyí tó wà láàárín ló ga. Lókè, níbi tí àwọn fret ti sún mọ́ ara wọn, ẹ lo ẹ̀gbẹ́ káàdì náà tó kúrú. Fret kan ṣoṣo tó ga máa ń fa ariwo ní ojú kan péré, èyí tó ṣáájú rẹ̀ ní ìhà orí gìtá. Kì í fa ti márùn-ún tó tẹ̀lé ara wọn. Bí ẹ bá rí irú èyí, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ó ti yọ díẹ̀ nínú ihò rẹ̀, nítorí ọyẹ́ máa ń tú fret náà, èyí tó bá sì yọ, títẹ̀ ni kí a tẹ̀ ẹ́ padà, kì í ṣe kí a rẹ́ ẹ.

Ní ti tremolo, mo fẹ́ kí ẹ bi ara yín léèrè bóyá ẹ nílò rẹ̀. Bridge náà, ibi tí àwọn saddle wà, dúró láàárín agbára méjì: okùn ń fà á síwájú, àwọn irin alápàdé inú ẹ̀yìn gìtá ń fà á sẹ́yìn. Bí ọ̀kan bá yí padà, òmíràn kò lè dúró síbi tó wà. Àwọn tó ń lo apá rẹ̀ dáadáa máa ń jẹ́ kí ẹ̀yìn bridge náà ga kúrò lára gìtá ní bíi 3.2 mìlímítà, wọ́n á sì yí ìdè méjì tó mú irin alápàdé náà mọ́ igi títí agbára méjèèjì yóò fi dọ́gba, nígbà tí gbogbo okùn bá wà ní ohùn wọn. Iṣẹ́ sùúrù ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta gìtá nínú ìsìn, tí orin kò dúró fún wákàtí méjì, tí kò sì sí gìtá kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo máa ń gbà á níyànjú pé kí ó yí ìdè méjì náà wọlé títí bridge yóò fi sùn lé ara gìtá pátápátá. Láti ìgbà náà, bí okùn kan bá já láàárín orin, márùn-ún tó kù kò ní yẹ̀. Tí bridge bá léfòó, okùn kan tó já á sọ gbogbo rẹ̀ di asán lójú ìjọ. Èyí ni èmi yóò ṣe bí gìtá náà bá jẹ́ tèmi, mo sì mọ̀ pé àwọn kan kò ní gbà pẹ̀lú mi.

Ẹ wá wo bí okùn ṣe ga tó. Ẹ gbé rúlà onírin sórí fret 17, kí ẹ wọn láti orí fret náà dé abẹ́ okùn. 1.6 mìlímítà ni ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ Fender fi lélẹ̀ fún okùn kìíní àti ìkẹfà lórí ọrùn tí kò tẹ̀ kọrọdọ púpọ̀ ní ìbú, ó sì dára láti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ìdè kékeré méjì tó wà lára saddle kọ̀ọ̀kan lẹ ó fi gbé e sókè tàbí sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bí ọwọ́ yín bá wúwo, tí ẹ máa ń fa okùn kíkankíkan láti gbọ́ ara yín láàárín ìlù, ẹ gbé okùn kẹfà dé 2 mìlímítà, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Kíkùn díẹ̀ tí a kò gbọ́ láti inú ẹ̀rọ amóhùn-gbòòrò kì í ṣe àìsàn. Etí tí ẹ fi sún mọ́ igi lásán máa ń gbọ́ ohun tí ìjọ kò ní gbọ́ láéláé.

Ọ̀rọ̀ ohùn tó yẹ̀ kọjá fret 12 ló jẹ mí lógún jù, nítorí ìlò tí àwa ń lo gìtá. Nínú orin jùjú, gìtá méjì, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni yóò máa dá ara wọn lóhùn, tí ọ̀kan ń pe, tí èkejì ń gbè, tí òmíràn sì ń fi ohùn kéékèèké hun àárín wọn lókè ọrùn. Ẹ tẹ́tí sí ẹgbẹ́ olórin King Sunny Adé, ẹ ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń hun ún. Demola Adepoju tó ta pedal steel, gìtá tí a ń tẹ́ sílẹ̀ ta, níbẹ̀ máa ń fi irin tẹ́ okùn, kò sí fret tó ń dá a dúró, nítorí náà etí rẹ̀ lè tún ohùn ṣe bó ti ń lọ. Àwa tí a ní fret kò ní àǹfààní yẹn. Bí gìtá kan bá yẹ̀ lókè ọrùn, gbogbo aṣọ tí àwọn yòókù ń hun ló ń tú.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Láti nut dé saddle lórí Stratocaster jẹ́ 648 mìlímítà, fret 12 sì wà ní ìdajì rẹ̀ gan-an, 324. Bí ẹ bá pín okùn sí méjì, ohùn rẹ̀ yóò gòkè ní ọ̀tẹ́fì (octave) kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìka bá tẹ okùn mọ́ fret, ó tún nà án díẹ̀, nínà yìí sì ń gbé ohùn ga ju bó ti yẹ lọ. Okùn tó nípọn tún ga jù bẹ́ẹ̀. Nítorí èyí ni a fi ń ti saddle sẹ́yìn díẹ̀, okùn kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ìnípọn rẹ̀, kí gígùn tí a fi kún un lè pa gíga yẹn rẹ́. Ẹ fi ìka kan okùn fẹ́ẹ́rẹ́ lókè fret 12 gan-an láìtẹ̀ ẹ́, kí ẹ fà á, kí ẹ sì yọ ìka náà; ohùn tó máa dún bí agogo yẹn ni òṣùwọ̀n. Ẹ wá tẹ okùn náà ní fret 12 bí ẹ ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ nínú orin, kì í ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí èyí tí ẹ tẹ̀ bá ga jù, ẹ ti saddle sẹ́yìn, kúrò lọ́dọ̀ ọrùn. Bí ó bá lọ sílẹ̀ jù, ẹ fà á síwájú. Ẹ dẹ okùn náà díẹ̀ kí ẹ tó sún saddle, kí ó má bàa ha á, ẹ tún un tò, ẹ tún un wò. Nígbà tí ẹ bá parí, àwọn saddle kò ní wà lórí ìlà kan: ti okùn kẹta á ti lọ sẹ́yìn ju ti ìkejì lọ, ti ìkẹrin á padà wá síwájú. Bí ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀, ó ti dára nìyẹn.

Bí tuner kò bá tilẹ̀ dúró lójú kan, tí ohùn okùn kẹfà ń gbọ̀n bí ohùn méjì tó ń jà, ẹ wo pickup, ẹ̀rọ tó ń gba ohùn okùn lábẹ́ wọn. Òòfà inú rẹ̀ ń fa okùn irin, bí ó bá sì sún mọ́ ọn jù, kò ní jẹ́ kí ó gbọ̀n bó ti yẹ, pàápàá lókè ọrùn níbi tí okùn ti sún mọ́ òòfà náà. Ẹ tẹ okùn ní fret tó gbẹ̀yìn, kí ẹ sọ pickup kalẹ̀ títí àlàfo tó wà láàárín wọn yóò fi tó 2.4 mìlímítà lábẹ́ okùn kẹfà, àti 2 lábẹ́ okùn kìíní. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé e sókè kí ohùn lè pọ̀, wọn kò mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń pàdánù pọ̀ ju èyí tí wọ́n ń rí gbà lọ.

Ohun kan ṣì wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ kí ẹ má bàa padà dá gìtá náà lẹ́bi. Lẹ́yìn gbogbo èyí, bí ẹ bá ta kọ́ọ̀dù E, ẹ lè gbọ́ pé G-sharp inú rẹ̀ lórí okùn kẹta ga díẹ̀ ju bí etí ṣe fẹ́. Òótọ́ ni. Bí a ṣe pín ọ̀tẹ́fì sí 12 dọ́gba-dọ́gba lórí fret gbé ohùn yẹn ga ní nǹkan bí ìdá 14 nínú 100 ìlàjì ohùn kan. Bákan náà ni kíbọ́ọ̀dù pín tirẹ̀. Bí ẹ bá sọ okùn kẹta kalẹ̀ nítorí kọ́ọ̀dù E, kọ́ọ̀dù C yín àti G yóò yẹ̀, ẹ ó sì tún bá kíbọ́ọ̀dù jà. Ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ kọ ìwọ̀n gbogbo tí ẹ bá rí sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ wọ̀n ọ́n: àlàfo fret 8, gíga okùn ní fret 17. Nígbà tí òjò bá padà, ó ṣeé ṣe kí àlàfo náà pọ̀ jù, ẹ ó sì yí ìdá mẹ́jọ tí ẹ yí sí òsì padà sí ọ̀tún. Ẹ má fi gìtá sílẹ̀ nínú bútù ọkọ̀ ní ọ̀sán, ẹ má sì gbé e kọ́ iwájú ẹ̀rọ amúlétutù, nítorí ọyẹ́ ni ẹ̀rọ yẹn náà ń ṣe láti oṣù kìíní dé ìkejìlá. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu okùn lẹ́yìn ìsìn. Bí pákó orí ọrùn rẹ̀ bá jẹ́ rosewood, tí kò ní fánìṣì dídán lórí, ẹ kán òróró gìtá díẹ̀ sí aṣọ, kí ẹ fi nù ún nígbà tí ọyẹ́ bá ń bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ maple tí wọ́n ti kùn, aṣọ lásán ti tó.

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí, tí àlàfo fret 8 ti pé 0.25, tí okùn ti wà ní 1.6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ariwo náà sì wà síbẹ̀, ẹ gbé e lọ bá oníṣẹ́ tó ní irin títọ́ tí a fi ń tẹ́ gbogbo fret lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi ibi tó ga hàn yín kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun.